Káàdì àbí ẹ̀ṣẹ́? Géèmù Dragon Ball Z méjì lórí Super Famicom, ẹ̀rọ géèmù Nintendo
Ẹ wò ó, Super Saiya Densetsu ti 1992 àti Super Butōden ti 1993, inú manga (ìwé ìtàn alāwòrán ti Japan) Akira Toriyama làwọn méjèèjì ti wá, àmọ́ ìjà wọn ò jọra rárá. Ti Densetsu, káàdì lẹ máa yàn: ìràwọ̀ tó wà lókè lápá òsì ni agbára ẹ̀ṣẹ́ yín, nọ́ńbà kanji (lẹ́tà Japan) tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún ni ààbò, tó bá wá jẹ́ pé ìràwọ̀ kan-kan ló kún ọwọ́ yín tí Freeza, ọ̀gá ọ̀tá, sì dúró níwájú, háà, ojú yín á rí màbo! Butōden ní tiẹ̀, ọwọ́ yíyá ni, táwọn tó ń jà bá jìnnà síra síkírìnì á pín sí méjì, ó dùn téèyàn bá ní ọ̀rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi o, Densetsu ni tèmi, torí kò séèyàn tó lè sáré tẹ bọ́tìnnì là á já.