Fífi Dungeons & Dragons hú ìlú abẹ́ ilẹ̀ jáde: àgbéyẹ̀wò mi

Ìlú tí òkè ayọnáyèéfín bò mọ́lẹ̀ ni ẹgbẹ́ wa ń hú nínú eré tá à ń ṣe lọ́wọ́, ìyẹn eré orí tábìlì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe bí ẹnì kan nínú ìtàn, tí adarí eré ń darí ìtàn náà, tí jíju dáìsì sì máa ń pinnu ohun tó bá ṣẹlẹ̀. Ọjà rẹ̀, ààfin rẹ̀, ilé ìwẹ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà lábẹ́ eérú. Ìwé Dungeons & Dragons tó jáde ní 2014 la fi ń ṣe é, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe rí, torí pé ìjà àti dírágónì nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ eré yìí. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó ká mi lára jù: eré yìí mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ dáadáa, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kó erùpẹ̀. Kíkó erùpẹ̀ sì ni gbogbo iṣẹ́.

Gbígbẹ́ kò nira rárá. Ọfọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Mold Earth, ó wà nínú Xanathar's Guide to Everything, ìwé àfikún eré náà tó jáde ní 2017. Ọfọ̀ tí kì í tán lẹ́nu ni, oṣó lè máa pè é láti òwúrọ̀ di alẹ́. Tó bá pè é lẹ́ẹ̀kan, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 6, erùpẹ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 5, tó fẹ̀ ní 5, tó sì jìn ní 5, á ṣí kúrò lójú kan. Mẹ́wàá nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ ẹ ka ìyókù: ẹsẹ̀ bàtà 5 péré ló lè sún un, orí ilẹ̀ ló sì ti ń wọ́ ọ. Tí kòtò bá ti jìn ju orí èèyàn lọ, erùpẹ̀ tẹ́ ẹ gbẹ́ ṣì wà nínú kòtò pẹ̀lú yín, ẹ kàn ń sún un kiri ni.

Ìwúwo wá wọ ọ̀rọ̀. Erùpẹ̀ ọfọ̀ kan ṣoṣo yẹn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kúùbù 125. Tá a bá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí pọ́n-ùn 80, ó di pọ́n-ùn 10,000. Àpò idán tí gbogbo èèyàn máa ń dù, ìyẹn Bag of Holding, fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kúùbù 64, àmọ́ kò lè gbà ju pọ́n-ùn 500 lọ. Erùpẹ̀ tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kúùbù 6 àti díẹ̀ ti tó o, tẹ́ ẹ bá tún fi kún un, á ya. Àwo tó ń léfòó tẹ̀ lé oṣó, Tenser's Floating Disk, náà ò gbà ju 500 lọ, ìyẹn ni pé ó máa lọ ó máa bọ̀ nígbà 20 nítorí ohun tí ọfọ̀ kan gbẹ́. Kò sì lè gun ibi tó bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10 lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ wá wo ìbaaka. Owó wúrà 8 ni wọ́n ń tà á, kẹ̀kẹ́ ẹrù jẹ́ 15. Ìbaaka ń ru pọ́n-ùn 420, tó bá sì ń fa kẹ̀kẹ́, ó lè fa ìlọ́po márùn-ún rẹ̀, ìyẹn 2,100. Ẹ yọ pọ́n-ùn 200 tí kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ wọ̀n kúrò, ó ku 1,900. Ìrìn mẹ́fà ti parí ohun tó gba àwo oṣó ní 20! Mo fẹ́ràn èyí gan-an ni. Nínú ayé tó kún fún idán, ìbaaka ló ń hú ìlú.

Ìbaaka ò sì lè gun ògiri kòtò, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ la máa là fún un. Fún kòtò tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 20, a fà á gùn tó 160. Ibi tó máa gbà wá dọ̀rọ̀, torí pé ibi yòówù tá a bá gbé e gbà, ilé kan tá ò tíì rí ló máa wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe aràrá nínú wa ló ní ká wá ẹnubodè ìlú, ká gba ojú ọ̀nà tí àwọn ará ìlú fúnra wọn là. Gbogbo ìjókòó ọjọ́ yẹn lọ sórí bébà, rúlà àti pẹ́ńsù, a ò ju dáìsì kankan, kò sì sẹ́ni tó sú.

Ti òṣìṣẹ́ ni ìwé náà ti já mi kulẹ̀. Lébìrà ń gba owó fàdákà 2 lóòjọ́, oúnjẹ ìrìnàjò ọjọ́ kan sì jẹ́ fàdákà 5. Ta ló fẹ́ san iye yẹn fún ọgọ́rùn-ún èèyàn? Ẹ gba alásè, kí wọ́n máa dáná níbi iṣẹ́. Omi gálọ́ọ̀nù kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mu lóòjọ́, méjì tí oòrùn bá mú. Iye erùpẹ̀ tí ẹnì kan lè fi ṣọ́bìrì kó lọ́jọ́ kan ńkọ́? Mi ò rí i nínú ìwé tá à ń lò. Adarí eré wa ló gbé ìṣirò tirẹ̀ kalẹ̀.

Ọfọ̀ tó wá mú orí mi wú jù ni Move Earth. Oṣó ìpele 11 lè pè é lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, fún wákàtí méjì. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ilẹ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40 tó sì fẹ̀ ní 40 lè lọ sílẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 20. Mo gbé e lé Pompeii, ìlú àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní Ítálì, tí òkè ayọnáyèéfín Vesuvius bò ní ọdún 79. Ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 66, eérú tó bò ó jìn tó mítà 4 sí 6, ẹsẹ̀ bàtà 20 sì lé díẹ̀ ní mítà 6. Ìṣirò mi ní oṣó kan ṣoṣo á kárí rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọjọ́ 370. Láti 1748 ni wọ́n ti ń hú Pompeii ní tòótọ́, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀.

Àmọ́ ọfọ̀ náà kì í fọwọ́ kan òkúta àdáyébá tàbí ilé olókùúta. Wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí ilẹ̀ tẹ́ ẹ ṣí bá ti mú kí ilé kan máa mì, ilé náà lè wó. Ìlú tẹ́ ẹ wá wò lè wó lulẹ̀ lójú yín. Nítorí náà, ìta odi ìlú àti gbàgede ọjà nìkan la ti ń lo Move Earth. Nínú ilé, ṣọ́bìrì ni, láti orí òrùlé wá sísàlẹ̀. Ọ̀nà tí Giuseppe Fiorelli, awalẹ̀pìtàn ará Ítálì, gbà nìyẹn nígbà tó di olórí iṣẹ́ ní Pompeii ní 1863, nítorí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ máa ń gba títì wọlé láti ìsàlẹ̀. Ó tún pín ìlú sí àgbègbè, ó sì fún ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Àwa náà ń fún tiwa ní nọ́ńbà, òun ló sì jẹ́ ká mọ ilé tí agbọ̀n erùpẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti wá.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ràn ìṣirò á gbádùn rẹ̀ gan-an. Tó bá jẹ́ ìjà ni ẹ fẹ́ ní gbogbo ìjókòó, á sú yín kí ẹ tó kan òrùlé àkọ́kọ́. Ẹ má tíì náwó: SRD 5.1, ìyẹn àkójọ àwọn òfin pàtàkì eré náà, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2023 lábẹ́ Creative Commons, àṣẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lò ó, Move Earth àti àwo tó ń léfòó sì wà nínú rẹ̀. Mold Earth nìkan ni ẹ ò ní rí níbẹ̀.