Ọwọ́ méjì lórí bọ́ọ̀lù kan: kí wọ́n fò ni, àbí kí wọ́n wo ọfà?

Agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n méjì di bọ́ọ̀lù mú pinpin, rẹfirí fọn fèrè. Ta ló ni ín? Ní NBA, líìgì àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, àwọn méjèèjì á dúró sínú òbìrí, rẹfirí á ju bọ́ọ̀lù sókè, wọn á fò fún un. Ní NCAA àwọn ọkùnrin (ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà) láti sáà 1981-82, àti ní FIBA (àjọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àgbáyé) láti 2003, ọfà orí tábìlì akọ̀wé ló ń sọ ẹgbẹ́ tó kàn. Lẹ́yìn náà, wọn á yí i sí ìhà kejì.

Ọfà yára, kò sì bèèrè pé kí rẹfirí mọ bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù sókè dáadáa. Fífò ń fi àkókò ṣòfò díẹ̀, bí wọ́n bá sì jù ú wọ́, wọn á tún un jù.

Ti ìdájọ́ òdodo ló ká mi lára jù. Ẹ fi àmì ayò kan ṣáájú, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ló kù, ẹ sáré lọ rọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ alátakò. Ọfà wá kọjú sí wọn. Gbogbo làálàá yín já sófo! Ṣùgbọ́n bí Stephen Curry bá Victor Wembanyama, agbábọ́ọ̀lù NBA bíi tirẹ̀ tó ga jù ú lọ fíofío, di bọ́ọ̀lù mú, a ti mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ kàn án. Síbẹ̀, Curry ṣì láǹfààní díẹ̀. Ọfà kì í fúnni ní kankan.

Fún ọmọ ilé-ìwé, tí gíga wọn kò dọ́gba, tí rẹfirí wọn kò sì mọṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọfà ni mo fara mọ́. Fún àwọn tó fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe, pàápàá ní ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn eré, ẹ jẹ́ kí wọ́n fò.