Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí omi: èwo ló dára fún akẹ́kọ̀ọ́ láti fi wo bó ṣe ń hunjọ, èyí tó fẹ́lẹ́ jù àbí èyí tó nípọn díẹ̀?

Ní 2007, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Massachusetts, Amherst, tẹ́ abala ike polystyrene sójú omi, wọ́n wá kán omi sí àárín rẹ̀. Ni ike náà bá hunjọ ní ìlà-ìlà yí ẹ̀kán omi náà ká, bí ìtànṣán oòrùn.

Ká mú ike tó nípọn tó nánómítà 50 àti ti 200 (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan mítà), kí ẹ̀kán omi wọn dọ́gba. Iye ìlà tó wà lára èyí tó fẹ́lẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti èkejì, àmọ́ wọ́n kúrú. Ti èkejì gùn jù ú lọ ní ìlọ́po méjì. Agbára ìfà ojú omi, ìyẹn bí ojú omi ṣe ń fa ara rẹ̀ bí awọ tí a nà, ló ń ṣiṣẹ́ yìí jù, kì í ṣe ìwúwo ẹ̀kán omi. Èyí tó nípọn ni màá mú fún akẹ́kọ̀ọ́: ìlà rẹ̀ rọrùn láti kà, kì í sì í tètè ya.