Mo fi Sikaflex 295 UV lẹ kánópì RV-9A mi: ó dára, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀

Kánópì, ìyẹn ìbòrí ike tó mọ́ gaara tó bo àwọn tó jókòó nínú bàálù, ti wà lórí férémù rẹ̀ báyìí lára RV-9A, bàálù kékeré tí mò ń kàn nínú gáréèjì wa ní Texas, kò sì sí rífẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó gba inú ike náà kọjá. Sikaflex 295 UV, gọ́ọ̀mù inú túùbù, ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní kíìtì RV (àkójọ ẹ̀yà bàálù tí èèyàn ń kàn fúnra rẹ̀) nílẹ̀, tí ẹ̀rù kánópì kò jẹ́ kí ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Gọ́ọ̀mù náà mú dáadáa. Iṣẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ ló pọ̀.

Van's Aircraft ní Aurora, ìpínlẹ̀ Oregon, ló ń ta kíìtì náà. Kánópì tí a ń fà sẹ́yìn ni mo yàn. Odindi ike ákírílíìkì kan ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́, ó sì máa ń tóbi ju ibi tí yóò bò lọ. A ó kọ́kọ́ gé etí rẹ̀ yíká dànù, a ó máa gbé e lé férémù, a ó máa gbé e kúrò, títí yóò fi jókòó. Lẹ́yìn náà la ó wá gé e sí méjì: iwájú di wínsíkírìn, ẹ̀yìn di ibi tó ń ṣí. Gígé ńlá yìí ló ń gba oorun lójú èèyàn, nítorí ákírílíìkì kì í tẹ̀, ṣe ló máa ń sán, tó bá sì ti sán, owó ńlá ni.

Ẹ má fi ayùn eléyín sún mọ́ ọn rárá. Díìsì tín-ínrín tí kò léyín, tó máa ń ha nǹkan títí yóò fi gé, ni kí ẹ fi gé e, kí ike náà sì gbóná tó ìwọ̀n 80 Fahrenheit ó kéré tán. Ooru oṣù kẹjọ Texas fún mi ní ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyàwó mi bá mi di apá kejì mú, ó wo ike náà bó ṣe ń gbọ̀n, ó ní, "Dádì, ṣé inú èyí náà lẹ fẹ́ kí n jókòó sí lókè?" Mo ní kó ṣì dì í mú ná. Etí tí a gé, ẹ fi sáńpépà ha á, láti orí èyí tó le bọ́ sí èyí tó kúnná, títí èékánná yín kò fi ní rí ibi kankan kọ́. Ojú àpá kékeré ni sísán ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ìdí gan-an tí mo fi yan gọ́ọ̀mù rèé. Ìwé ilé-iṣẹ́ ní kí á lu ihò, kí á fi rífẹ́ẹ̀tì àti skúrù dè é. Ṣùgbọ́n bí ooru bá yí padà ní ìwọ̀n 30 Celsius, ike tó gùn ní mítà kan àti ààbọ̀ yóò fi nǹkan bíi mìlímítà 3 gùn sí i, irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sì ní fi tó mìlímítà kan. Ike náà yóò máa ja bí àgbò iléyá tí wọ́n so mọ́ òpó, gbogbo agbára rẹ̀ á sì dá lé etí ihò. Bí Sikaflex bá ti gbẹ, ó máa ń dà bíi rọ́bà, ó sì máa ń gbà kí ike náà rìn díẹ̀. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ nípọn kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi ègé rọ́bà onímìlímítà 3 há àárín ike àti irin káàkiri, kí àyè tó wà fún un má baà pa dé.

Ibi tí yóò ti gba sùúrù yín ni ìpalẹ̀mọ́. Ẹ ha ojú ibi tí ẹ fẹ́ lẹ̀, ẹ nù ún, ẹ fi Primer 209, ọ̀dà ìpìlẹ̀ dúdú tí gọ́ọ̀mù yóò dì mọ́, kùn ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Dúdú yẹn kì í ṣe fún ẹwà nìkan, ó ń gba oòrùn dúró kó má baà bá ojú gọ́ọ̀mù jà. Ẹ lẹ tépù mọ́ gbogbo ibi tí ẹ kò fẹ́ kó kàn, ẹ sì ṣí i kúrò kí gọ́ọ̀mù tó dì. Ásítóònù, omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà kúrò, ńkọ́? Ẹ gbé e jáde kúrò ní gáréèjì pátápátá. Ó ń ba ákírílíìkì jẹ́.

Ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan fi túùbù tí ọjọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ránṣẹ́ sí mi. Mo dá a padà. Ẹ wo ọjọ́ ara rẹ̀ kí ẹ tó gbà á. Atẹ́gùn tó lómi ló ń mú un gbẹ, nítorí náà gáréèjì tó gbẹ táútáú ní ìgbà òtútù yóò fa iṣẹ́ náà gùn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, ẹ bá LAA, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó irú bàálù kéékèèké báyìí níbẹ̀, sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí àyípadà sí ohun tó wà nínú àwòrán ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ wọn.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Mo yọ ẹyọ kan nítorí pé bí kánópì bá nílò pípààrọ̀ lọ́jọ́ iwájú, ọ̀bẹ ni ẹ ó fi gé gọ́ọ̀mù náà kúrò díẹ̀díẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó lo skúrù kàn máa tú u ni.