Ayàwòrán tó kun ọ́fíìsì ìtẹ̀wé wa ní Kàbà: ibi tí owó wa ti ṣiṣẹ́, àti ibi tí kò ti ṣiṣẹ́

Bí ẹ bá ti gba ìwé ètò ìsìnkú rí lágbègbè wa yìí, ẹ ti mọ bó ṣe máa ń rí: àdàbà funfun lókè, òdòdó róòsì ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọsánmà lẹ́yìn fọ́tò Màmá. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo àwa tí a ń tẹ̀wé ti ń wà á jáde, láti Kàbà títí dé Ìsánlú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wa kì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wo ògiri tó ti pọ́n láti àárọ̀ dalẹ́, kí ló fẹ́ rí yà? Ìyẹn ló jẹ́ ká gbé iṣẹ́ fún ayàwòrán kan. ₦150,000 ló gbà fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àwa la ra ọ̀dà. Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mo fún un ní mẹ́rin.

Ohun tó kọ́kọ́ fi hàn wá lórí fóònù rẹ̀, ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Èkó ni: gílóòbù iná, ẹyẹ tó ń fò, àti ọ̀rọ̀ òyìnbó gàdàgbà-gàdàgbà pé kí òṣìṣẹ́ máa ronú jinlẹ̀. Mo ní rárá o. Ta ló ń ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì? A jọ wọ mọ́tò lọ sí Ògìdì ní Ìjùmú, níbi tí Nike Okundaye, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ àdìrẹ tó jẹ́ ọmọ bíbí ìlú náà, dá ilé iṣẹ́ ọnà sí, kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí àdìrẹ ẹlẹ́kọ: bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya iṣẹ́ sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Nígbà tó dé, ọwọ́ rẹ̀ ti yàtọ̀. Ògiri àdìrẹ tó yà fún wa, mo lè fi yangàn níbikíbi.

Ògiri òdìkejì ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Aṣọ ipò ló yà síbẹ̀, aṣọ pupa àwọn ará Bùnú lágbègbè wa níbí, láti ilẹ̀ dé àjà. Ó rẹwà, irọ́ kọ́. Bàbá kan wá gba kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ wọn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Okun o, ọmọ mi. Olóyè wo ló kú níbí?"

"Kò sẹ́ni tó kú o, Bàbá. Àwòrán ni."

Bàbá náà mi orí. Nígbà tí wọ́n jókòó tán, wọ́n ṣàlàyé fún àwọn ọmọ pé ìsìnkú àwọn èèkàn ìlú ni a mọ aṣọ yẹn mọ́, kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán. (Ọmọ Bùnú wà nínú àwọn tó ń gbọ́ o, kò mọ̀ rárá.)

Ògiri kan náà tún ba iṣẹ́ jẹ́. Tí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sára ògiri pupa, á ta sójú ẹni tó ń yan àwọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ohun tó yàn á sì jáde lórí ìwé ní àwọ̀ mìíràn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ àwọ̀ fi ń kun irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní àwọ̀ eérú. A ní kó kùn ún ní eérú, kó wá ya aṣọ ipò náà ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ sí yàrá tí a ti ń gba iṣẹ́ òkú. Ó gbowó lọ́wọ́ wa fún àtúnkùn yẹn, inú mi ò sì dùn sí i. Ẹni tó ń kun ọ́fíìsì fún ẹlòmíràn yẹ kó béèrè irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Ibi tí owó wa ti so èso jù, kò ya nǹkan kan sí i. Ògiri ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi ni, ọ̀dà dúdú tí kì í dán ló fi kùn ún, a sì kó ṣọ́ọ̀kì sábẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ló kọ́kọ́ dìde. Ó yọ ẹyọ iṣẹ́ kan lára àdìrẹ tó wà lókèèrè, ó yà á, ó pa á rẹ́, ó tún un yà, ó wá tò ó yípo títí ó fi di etí ìwé. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá rẹ̀ fi òdòdó kún un. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, róòsì ti tó!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Etí ìwé yẹn la fi ṣe ètò ìsìnkú ìyá arúgbó kan láti Ìyàrà, kò sí àdàbà kankan níbẹ̀. Àwọn ọmọ olókùú bèèrè ẹni tó yà á, a sì pè é jáde sí wọn.

Ayàwòrán yìí náà ló ní ká ṣí fèrèsé tí a ti fi páálí dí, ká sún tábìlì mọ́ ọn. Kọ́bọ̀ kò jáde lápò wa, àmọ́ lọ́jọ́ tí kò bá síná, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń kóra jọ sí pẹ̀lú bírò àti ìwé.

Ìràwọ̀ kan tó kù ńkọ́? Ó pẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan tó dá fún wa di ju oṣù kan lọ. Ó tún kun ògiri nígbà òjò, nígbà tí ìpìlẹ̀ ṣì ń fa omi, ọ̀dà ti ń wú nísàlẹ̀, ó ń bó. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ dé, kí wọ́n ha ògiri dáadáa kí wọ́n tó fi ọ̀dà kàn án. Èmi yóò tún pè é fún yàrá ẹ̀yìn lóṣù Kejìlá, ṣùgbọ́n ìdajì owó ni yóò máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí á fi kó àkàbà rẹ̀ jáde.