Wíwo Géèmù Lórí YouTube: Ṣé Ó Ń Tajà Ni, àbí Ó Ń Bà á Jẹ́?

Géèmù onítàn ni fídíò máa ń ṣàkóbá fún jù. Ọmọ Mọ́kọ́lá tó ti wo ìparí rẹ̀ kò ní rà á mọ́, pàápàá tí kò bá ju wákàtí méjì lọ, tí ẹni tó di páàdì mú kò sì ní ohun kan tó lè yàn. Dátà fídíò kúkú dín púpọ̀ sí ti géèmù 50 GB!

Ti ìfigagbága yàtọ̀. Ọdún 2018 ni Among Us, géèmù tí ọ̀dàlẹ̀ ti ń purọ́ kí àwọn yòókù má bàa dá a mọ̀, jáde, ṣùgbọ́n 2020 ló tó gbòde, nígbà tí àwọn tó ń ṣe é lórí Twitch, ìkànnì tí wọ́n ti ń fi géèmù hàn ní tààràtà, gbé e sókè. Wíwo kò lè rọ́pò kéèyàn fúnra rẹ̀ purọ́ fún ọ̀rẹ́. Nílé géèmù ní Bódìjà, òǹwòran ló ń bẹ̀bẹ̀ fún páàdì. Àmọ́ bí géèmù bá ń há, fídíò á tú u fó kí wọ́n tó sanwó.