Ilé-Ẹ̀kọ́ Aládàáni fún Ọmọbìnrin tó Mọ̀wé, tó sì Mọ Eré Ìdárayá: Àyẹ̀wò Òbí Kan

Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí ọmọbìnrin wa ń lọ báyìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, pa pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn tí èmi àti bàbá rẹ̀ lọ wò kí a tó yàn án. N kò ní dárúkọ ìkankan nínú wọn, nítorí pé ohun tí yóò wúlò fún òbí mìíràn ni ọ̀nà tí ilé-ẹ̀kọ́ kan ń gbà ṣètò ọjọ́ ọmọ, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ wa máa ń wà nípò iwájú nínú ìṣirò àti físíìsì, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù tọkàntọkàn. Ìdájọ́ mi ni pé ilé-ẹ̀kọ́ yìí dára fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ohun tó sì mú kí ó dára ju àwọn yòókù lọ ni pé olùkọ́ kan ṣoṣo ni ó ń mójú tó ìwé rẹ̀ àti eré rẹ̀ pọ̀, tí ó sì ní àṣẹ lórí méjèèjì.

Ibi gbogbo tí a dé ni wọ́n ti kọ́kọ́ mú wa lọ wo àpótí ife-ẹ̀yẹ, lẹ́yìn náà pápá ìṣeré, lẹ́yìn náà yàrá sáyẹ́ǹsì. Gbogbo rẹ̀ ló wuni. Ṣùgbọ́n ife-ẹ̀yẹ kò lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi ní ọjọ́ tí ìdánwò físíìsì àti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá bọ́ sí ọ̀sán kan náà. Ìbéèrè tí a ń bi wọ́n nìyẹn: bí ó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò pinnu? Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, akọ́nimọ̀ọ́gbá ní kò sí ìdánwò tí a kò lè sún síwájú, olùkọ́ ìṣirò tí ó dúró tì í sì ní òun kì í sún ìdánwò nítorí ẹnikẹ́ni. Èèyàn dáadáa ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ó hàn gbangba pé ọmọ ni yóò máa sáré láàárín wọn láti bẹ̀bẹ̀. Ní òmíràn, ọ̀gá àgbà dáhùn pé ọmọ tó bá ní ìfaradà yóò ṣe méjèèjì láìsí wàhálà. Ìdáhùn yìí bà mí nínú jẹ́, nítorí pé ó gbé ẹrù ètò tí àwọn àgbà kò ṣe lé ọmọdé lórí.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí a yàn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀; kàlẹ́ńdà sáà ni wọ́n gbé síwájú wa. Ìdánwò, iṣẹ́ àṣetiléwá tó lágbára àti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wà lórí ìwé kan náà, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Bí méjì bá forí gbárí, olùkọ́ alámòójútó ọmọ náà ni yóò pinnu: ọmọ lè ṣe ìdánwò ní kùtùkùtù kí ó tó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tàbí kí ó ṣe é lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìbéèrè mìíràn. Láti ìgbà tí ọmọ wa ti wọlé, bí wọ́n ti sọ ọ́ náà ni wọ́n ń ṣe é. Kò tíì sí ìgbà kan tí ó ní láti yan ẹni tí yóò bínú sí i.

Ó tún yẹ kí òbí mú bíírò, kí ó ka wákàtí. American Academy of Sleep Medicine, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oorun ní Amẹ́ríkà, sọ ní ọdún 2016 pé ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10 lójúmọ́. Àwọn dókítà eré ìdárayá náà ní ìlànà kan tó rọrùn láti rántí: kí wákàtí ìgbáradì tí a ṣètò fún ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan má ju iye ọdún rẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé ọmọ ọdún 14 kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 14. A kó wákàtí kíláàsì, ìrìn àjò, ìgbáradì, oúnjẹ àti iṣẹ́ àṣetiléwá jọ fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí òkìkí rẹ̀ nínú eré kàn jù lọ ni ó kọ́kọ́ jáde nínú èrò wa, nítorí pé ìgbáradì ìdájí wà níbẹ̀ lẹ́yìn ti ìrọ̀lẹ́, kò sì sí bí a ti ṣe lè ṣírò rẹ̀ tí oorun ọmọ yóò fi tó wákàtí 8. Ọmọ tí kò sùn tó kò lè gbádùn ìṣirò láàárọ̀, ara rẹ̀ kò sì ní rí àyè bọ̀ sípò lẹ́yìn eré. Níbi tí a mú ọmọ wa lọ, ìrọ̀lẹ́ nìkan ni ìgbáradì, ọjọ́ kan sì wà láàárín ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ọmọ sí pápá rárá.

Ètò ẹ̀kọ́ náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Díplómà International Baccalaureate, ètò ẹ̀kọ́ àgbáyé fún ọdún méjì tó kẹ́yìn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ń béèrè iṣẹ́ mẹ́fà, àròkọ ìwádìí tí ó lè gùn tó ọ̀rọ̀ 4,000, àti apá kan tí wọ́n ń pè ní CAS (iṣẹ́ ọnà, eré àti iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún àwùjọ), níbi tí eré ìdárayá ti lè wọ inú àkọsílẹ̀ ọmọ. Ó gbòòrò, ó sì ń gba àkókò. A Level, tí ó jẹ́ ètò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ọmọ yóò kọ́ jinlẹ̀. Èrò tèmi ni pé ọmọ tó ti mọ̀ pé sáyẹ́ǹsì ni òun fẹ́ yóò rí àyè mí nínú A Level, òun náà ni a sì yàn. Òbí tó bá ń ronú pé eré lè gbé ọmọ òun dé yunifásítì ní Amẹ́ríkà, kí ó tètè béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ nípa kọ́ọ̀sì pàtàkì 16 ti ilé-ẹ̀kọ́ girama tí NCAA, àjọ tó ń mójú tó eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ń béèrè kí ọmọ tó lè ṣeré ní Division I, ìpele wọn tó ga jù lọ, nítorí pé ọdún tí ọmọ bá ń jáde ti pẹ́ jù fún ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo kà sí pàtàkì jù, tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò sì mẹ́nu bà àfi ìgbà tí a béèrè, ni ara ọmọbìnrin fúnra rẹ̀. Nínú eré tó ní ìfò àti ìyípadà lójijì, bíi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, okùn inú orúnkún tí àwọn dókítà ń pè ní ACL máa ń já lára àwọn ọmọbìnrin ní ìlọ́po 2 ti ọkùnrin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A lè dín ewu náà kù. Ìmúra ara ṣáájú eré tí wọ́n ń pè ní FIFA 11+, tí ó ń gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, ń kọ́ ọmọ bí yóò ti fò, bí yóò ti balẹ̀ àti bí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ti lágbára. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2008 lórí àwọn ọmọbìnrin agbábọ́ọ̀lù ní Norway fi hàn pé ìfarapa tó le dín kù láàárín àwọn tó ń ṣe é. Mo bi akọ́nimọ̀ọ́gbá ilé-ẹ̀kọ́ wa bóyá ó mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n dúró wò, àwọn ọmọ náà sì ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń pàṣẹ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti nǹkan oṣù tẹ̀ lé ìyẹn. Ní ọdún 2014, ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì àgbáyé fún ìṣòro kan ní orúkọ RED-S: oúnjẹ tí ọmọ ń jẹ kò tó agbára tí ó ń ná, nǹkan oṣù rẹ̀ lè dáwọ́ dúró, egungun rẹ̀ lè pàdánù agbára, ọkàn rẹ̀ kò sì ní pa pọ̀ nínú kíláàsì. Nítorí náà, ọmọ tí máàkì rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ lè jẹ́ ọmọ tí ebi ń pa, kì í ṣe ọ̀lẹ. Nọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ wa, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́, ń bá ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ nípa èyí níkọ̀kọ̀. Níbòmíràn, a bá akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń gbé àwọn ọmọbìnrin sórí òṣùwọ̀n lójú ara wọn. A kò padà síbẹ̀ mọ́.

Bí ọmọ bá fi orí gbá nǹkan, tí a sì fura pé ọpọlọ rẹ̀ mì, ìlànà àgbáyé ni pé kí ó kúrò lórí pápá lọ́jọ́ náà, kí ó sì padà sí kíláàsì ní kíkún kí ó tó padà sí eré ní kíkún. Èyí náà wà nínú ìwé òfin ilé-ẹ̀kọ́ wa, olùkọ́ alámòójútó àti nọ́ọ̀sì ni wọ́n sì jọ ń fọwọ́ sí i.

Kì í ṣe pé kò ní àléébù. Ilé-ìkàwé ń tì kí àwọn tó wà lórí pápá tó wẹ̀ tán, ohun tó sì dùn mí nínú rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ tó nílò ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ jù lọ ni kì í rí i lò. Àwọn ọmọ tó lè bá ọmọ wa fa ìṣirò tó le kò pọ̀ ní kíláàsì rẹ̀. Aṣọ eré àti owó ìrìn àjò ìdíje kò sí nínú owó ilé-ẹ̀kọ́, kí òbí béèrè iye wọn ṣáájú.

Ní ti ìrànlọ́wọ́ owó, wọ́n fún ọmọ wa ní ẹ̀dínwó nítorí ìwé àti eré. Mo béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i bí okùn orúnkún rẹ̀ bá já, wọ́n sì dáhùn pé ẹ̀dínwó náà yóò dúró níwọ̀n ìgbà tí máàkì rẹ̀ bá dúró. A ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà, wọ́n sì kọ ọ́. Òbí tí wọ́n bá kọ̀ láti kọ irú rẹ̀ fún, kí ó ṣírò owó náà bí ẹni tí kò ní ẹ̀dínwó kankan kí ó tó fọwọ́ sí ìwé.